Ọjọ́ Jimọ̀ Ni Orí Turan Kì Í Fọ́

"Ẹ pa á, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnì yẹn."

Turan yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, ó sì dákẹ́. Ó rò pé àyẹ̀wò ti parí nìyẹn, ó sì ti ń wá ìwé ọkọ̀ nínú báàgì rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń yẹ ọkọ̀ wò kò wo apá ibi tó wà rárá. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì na ẹ̀rọ kékeré kan tó ń dún pí, pí, pí sí ibi tí àwọn ọmọ máa ń gbé ẹsẹ̀ lé. Bí ó ṣe ń tì í wọlé ni ìró náà ń yára sí i, títí tó fi di ìró kan ṣoṣo tí kò já.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, mà. Ẹ bọ́ síta kí ẹ gba afẹ́fẹ́."

Kò pariwo. Bí kò ṣe pariwo yẹn gan-an ló jẹ́ kí àyà Turan là. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa ìbòrí rẹ̀ mọ́ra, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un láàárín gbọ̀ngàn gígùn náà. Ilẹ̀kùn ńlá tó wà níwájú àti lẹ́yìn ló ṣí sílẹ̀, òtútù oṣù Dey, oṣù àkọ́kọ́ ìgbà òtútù ní Iran, sì ń gba àárín kọjá bí ẹni tó ní ilé. Àwọn ọkọ̀ mìíràn tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan fun fèrè. Ọkùnrin náà kò dá a lóhùn. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí àyà kóòtù rẹ̀: Vaziri. Kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ, ó dé fìlà onírun àgùntàn, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ó kùnà ni?" ni Turan bi í.

"Ó kùnà. Èéfín tó ń gba sálẹ́ńsà jáde ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Èyí tó ń wọ inú ọkọ̀ ni."

"Èwo ló ń wọ inú ọkọ̀? Imú mi ò kú. Mi ò gbóòórùn nǹkan kan."

"Afẹ́fẹ́ olóró kan nínú èéfín ni, mà. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ohun tó fi burú nìyẹn." Ó wo àga ẹ̀yìn, níbi tí ìbọ̀wọ́ pupa kékeré kan já bọ́ sí. "Ta lẹ máa ń gbé?"

"Àwọn ọmọ iléèwé. Ọmọbìnrin mẹ́rin. Èmi ni mò ń gbé wọn lọ láàárọ̀, èmi náà ni mò ń gbé wọn bọ̀ lọ́sàn-án."

Vaziri mú ìbọ̀wọ́ náà, ó gbé e sórí àga bí ohun tó lè fọ́.

"Ṣé orí kì í fọ́ yín?"

Turan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu, nítorí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ̀ nípa orí rẹ̀ tó ń fọ́. Ó ti lo oògùn títí. Ó ti fún ọsàn kíkan sínú tíì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti sun èso esfand yí i ká kí ojú burúkú lè lọ, bó ti ń ta pàrà-pàrà nínú iná, títí tí àwọn méjèèjì fi ń wúkọ́.

"Ọmọ mi, ọkọ mi ló kú. Láti ìgbà tó ti kú ni orí ti ń fọ́ mi. Orí opó ni."

"Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn," ni Vaziri wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín. Ọjọ́ Jimọ̀ ńkọ́, tí iléèwé kì í ṣí, tí ẹ kì í wakọ̀?"

Turan ka àwọn ọjọ́ Jimọ̀ lọ́kàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jimọ̀, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló máa ń wọ̀ lọ sí ibi ìsìnkú tó wà ní gúúsù ìlú. Á fi omi òdòdó fọ òkúta orí sàréè Behruz, ọkọ rẹ̀, á jókòó tì í, á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ fún un: ẹni tó bímọ, ẹni tó kó kúrò ládùúgbò, iye búrẹ́dì tó ti gbówó lórí. Bí ó bá ń darí bọ̀, orí rẹ̀ á ti fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbẹ́rù kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé, "Behruz ni kì í jẹ́ kí orí fọ́ mi tí mo bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀." Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló ń gbé e dé Jimọ̀ mìíràn.

"Lọ́jọ́ Jimọ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀, "kì í fọ́."

Vaziri mi orí bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun jẹ́ òótọ́.

"Ẹ má gbé ẹnikẹ́ni mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe. Ẹ ṣí gbogbo gíláàsì, bó ti wù kí òtútù mú tó, kí ẹ wà á lọ tààrà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì yín. Lẹ́yìn náà, ẹ padà wá bá mi."

"Iléèwé fẹ́ ìwé àyẹ̀wò yìí lọ́jọ́ Sátidé tí ọ̀sẹ̀ iléèwé máa bẹ̀rẹ̀. Tí mi ò bá mú un wá, wọ́n á fún awakọ̀ mìíràn ní àwọn ọmọ mi."

"Mo mọ̀, mà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún mi níbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ló ṣáájú ìwé."

*

Ó wa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀ ní àdúgbò Naziabad pẹ̀lú gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ṣíṣí. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì lè sọ bóyá atẹ́gùn ló fà á. Níbi tó yẹ kó ti máa rí òkè ní apá àríwá, kò rí nǹkan kan, àfi àwọ̀ eérú tó bo ojú ọ̀run bí aṣọ tí wọn kò fọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti iléèwé pa nítorí afẹ́fẹ́ yìí. Tẹlifíṣọ̀n ní kí àwọn arúgbó àti ọmọdé má jáde. Òun àti àwọn obìnrin tó tò síbi búrẹ́dì jọ bú àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, wọ́n bú àwọn ọlọ́kadà, wọ́n bú àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlú. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé èéfín ti òun náà wà nínú ohun tí àwọn ń bú.

Hushang, àbúrò Behruz, wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń yáná níbi híítà tó ń jó kerosíìnì, níbi tí kẹ́tù tíì kì í ti í kúrò. Bí ó ti rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú gíláàsì ṣíṣí nínú òtútù, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé ọ̀dọ̀ yín ni?"

"Ọkọ̀ náà kò yege, Hushang."

"Mo ti rí i lójú yín. Ẹ jókòó, ẹ mu tíì. Mo ní oògùn rẹ̀." Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó gbé ohun kan tí wọ́n fi àkísà wé jáde. Nígbà tó tú u, àgbá irin kékeré kan ni, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sáàárín páìpù kí ó lè fọ èéfín mọ́. "Ẹ wò ó dáadáa. Èyí ti yege ìdánwò ju gbogbo ọmọ yunifásítì ìlú yìí lọ. Mo máa ń so ó mọ́ ọkọ̀ ẹni tó bá fẹ́ yege. Wọ́n á lọ, wọ́n á gba sítíkà, wọ́n á dá a padà fún mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti gba ìwé yín. Lọ́la ẹ gbé àwọn ọmọ yín."

"Ọkọ̀ náà ńkọ́?"

"Ọkọ̀ náà á máa ṣe bó ti ń ṣe. Ta ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Tehran yìí?"

Kò sọ ọ́ láti rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú ni Hushang ti ń wá ohun tó lè ṣe fún Turan, ohun kan ṣoṣo tó sì mọ̀ ọ́n ṣe ni ọkọ̀. Turan mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè kọ̀ fún un lójú ẹsẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ sọ òótọ́, kò fẹ́ kọ̀. Ó wo àgbá irin náà, ó rí Sátidé nínú rẹ̀, ó rí àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà, ó rí ara rẹ̀ níwájú wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣì wúlò. Ẹnu rẹ̀ kò sọ ohun tí Vaziri fi ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́ lábẹ́ àga.

"Ó dáa," ó ní.

Hushang nà sórí páálí, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Turan jókòó pẹ̀lú ife tíì, ó fi horo ṣúgà há eyín. Tíì náà gbóná. Kò gbádùn mọ́ ọn.

Parnian ló ń rò. Òun ló kéré jù nínú wọn, ẹ̀yìn Turan gan-an ló máa ń jókòó sí. Kí wọ́n tó dé ojú títì ńlá, á ti sùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Turan a máa fi í yangàn fún àwọn ìyá pé, "Ọkọ̀ mi tù wọ́n bí ibùsùn." Ọ̀pọ̀ àárọ̀ ló ti gbé ọmọ náà lọ́wọ́ láti inú ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà iléèwé, tí orí kékeré náà á wúwo lórí èjìká rẹ̀, tí inú rẹ̀ á sì dùn pé ọmọ ọlọ́mọ fọkàn tán òun tó bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Parnian bì sára bàtà rẹ̀. Turan fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ẹnu fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sọ fún Mahin, ìyá Parnian, pé ẹyin tí ọmọ náà ń jẹ láàárọ̀ ni kò bá a lára mu.

Ó gbé ife sílẹ̀.

"Hushang. Jáde lábẹ́ ọkọ̀ yẹn."

"Ó ku nọ́ọ̀tì kan péré."

"Jáde. Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ."

Hushang yọ orí jáde. Ó gbọ́ ọ dé òpin, kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó parí, ó mú àkísà, ó ń nu ọwọ́, ó ń nu ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ náà ti mọ́ tipẹ́. Lẹ́yìn náà ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó padà sábẹ́ ọkọ̀, ó sì rá síwájú ju ti àkọ́kọ́ lọ, dé abẹ́ àga ẹ̀yìn. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo nǹkan."

Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni Turan, orúnkún rẹ̀ sì ń ró tó bá ń gun àtẹ̀gùn. Síbẹ̀ ó tẹ́ aṣọ òtútù rẹ̀ sórí páálí, ó sùn kalẹ̀, ó sì rá wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò ọkọ rẹ̀. Hushang tan iná sí páìpù náà. Wọ́n ti lẹ ibì kan lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú agolo òróró tí wọ́n gé, tí òdòdó ara rẹ̀ ṣì hàn díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìpẹtà. Wáyà ni wọ́n fi dì í. Ìpẹtà ti jẹ agolo náà dé ibi tí ìka lè gbà wọlé, ihò kan sì wà lórí rẹ̀ nínú irin ilẹ̀ ọkọ̀, ní ibi tí rọ́bà kan ti já bọ́.

"Ẹ wo ẹnu wáyà yẹn," ni Hushang wí. "Wọ́n lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá tẹ ẹnu rẹ̀ sínú kó má baà gún ẹni tó máa tú u. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ́ mi."

Turan na ọwọ́, ó fi ìka kan wáyà náà. Òtítọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Behruz ṣe máa ń tẹ ẹnu wáyà okùn aṣọ nílé, kí aṣọ Turan má baà ya.

Àwọn méjèèjì sùn síbẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Níta, ẹni tó ń ta ewébẹ̀ sísè tì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń kígbe pé ewébẹ̀ òun gbóná, ó dùn.

"Ṣé èyí ló pa á?" ni Turan bèèrè.

Hushang yí tọ́ọ̀ṣì kúrò lára páìpù náà.

"Mi ò mọ̀. Dókítà ní ọkàn ni, ọkàn rẹ̀ sì ti ń ṣe é kó tó ra ọkọ̀ yìí pàápàá. Mi ò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì fẹ́ parọ́ fún yín. Ohun tó dá mi lójú ni pé, ká ní ó mọ̀ pé ó máa wọ inú ọkọ̀, kò ní jẹ́ kí ẹ jókòó síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan."

"Mo mọ̀."

"Èmi ló yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ń pààrọ̀ epo fún yín, mo ń yẹ táyà wò, mi ò wo ibí rí. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti fọwọ́ kàn án, mo ní ó ti dáa nìyẹn."

"Tú u, Hushang."

Ó tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tú ọ̀já egbò. Nígbà tí wọ́n jáde, ó gbé agolo náà fún Turan. Turan yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wo òdòdó tó kù lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ síbi tí Hushang ń kó irin àlòkù jọ sí, ó sì gbé e sórí wọn.

"Iṣẹ́ wà lára ọkọ̀ yìí o," ni Hushang wí. "Páìpù tuntun, àgbá tuntun tí á jẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń jẹ epo, mo gbọ́dọ̀ ṣí i. Kò ní bá Sátidé."

"Kó má bá a."

*

Lọ́sàn-án, ó fi táàsì lọ gbé àwọn ọmọ. Ó jókòó síwájú, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin há ara wọn sẹ́yìn pẹ̀lú báàgì lórí itan. Yekta, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, na ọrùn sí i.

"Àǹtí Turan, ọkọ̀ yín ńkọ́?"

"Kò yá. Ó wà lọ́dọ̀ dókítà."

"Ṣé ó jẹ ẹyin ni?"

Awakọ̀ táàsì rẹ́rìn-ín. Turan yí ojú sí gíláàsì.

Kò fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Bí ó ṣe ń já wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bá wọn wọlé, ó sì ń sọ ọ́ lójúkojú. Ìyá àgbà Yekta dì mọ́ ọn, ó ní Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ó sì fi tíì lọ̀ ọ́ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Bàbá kan gbọ́, ó dúpẹ́, ó ní òun á ro ó. Ilé Parnian ló fi ṣe ìkẹyìn, nítorí ibẹ̀ ló ń bẹ̀rù.

Mahin ń ránṣọ nílé. Téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó ṣílẹ̀kùn, abẹ́rẹ́ sì wà létí aṣọ rẹ̀. Ó jẹ́ kí ọmọ wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ ní ẹyin ni," ni ó wí nígbà tí Turan dákẹ́.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo dá ẹyin dúró. Ó sunkún lórí ẹ̀, ó fẹ́ràn ẹyin. Mo ní, Àǹtí Turan ti sọ pé kò dáa fún ọ." Ó yọ téèpù kúrò lọ́rùn. "Tó bá ti ilé ìwé dé, á sùn. Mo ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé iléèwé ń rẹ ọmọ yìí."

"Mahin, ọmọ mi, mi ò mọ̀. Ká ní mo mọ̀ ni..."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Tí mo bá rò pé ẹ mọ̀, ṣé ẹ̀ ń dúró síbí?" Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo inú yàrá níbi tí Parnian ti ń bọ́ bàtà. "Ẹ ṣeun tí ẹ fẹsẹ̀ ara yín wá. Ẹlòmíì á kàn tún ọkọ̀ ṣe, á panu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má wá mú un mọ́."

Ó pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́. Ká ní ó gbá a mọ́ ọn lójú ni, ìbá sàn fún Turan.

Ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e, Turan ń fi táàsì gbé àwọn mẹ́ta tó kù. Yekta ló mú ìròyìn wá pé wọ́n gbé Parnian lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀, kò sunkún, dókítà sì ní ara rẹ̀ dá. Turan dúpẹ́ lọ́kàn rẹ̀ títí ọkọ̀ fi dúró. Láàárọ̀ kan, ó rí ìyá àti ọmọ níbùdókọ̀, tí Mahin fi etí aṣọ rẹ̀ bo imú Parnian nítorí afẹ́fẹ́ tó wúwo, tí bọ́ọ̀sì sì ń kọjá ní kíkún láìdúró. Ó fẹ́ ní kí awakọ̀ dúró. Kò ní ẹnu tó máa fi sọ ọ́. Táàsì kọjá.

Ọjọ́ tó ṣàkíyèsí orí rẹ̀ kò ní nǹkan pàtàkì nínú. Ọjọ́ Àìkú ni, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì, oòrùn sì ti ń wọ̀. Ó kàn rántí pé òun kò tíì fi aṣọ di orí nítorí ìrora láti àárọ̀, pé òun kò tilẹ̀ mọ ibi tí aṣọ náà wà. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń tẹ́tí sí orí ara rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí yàrá tí ẹnì kan ti jáde níbẹ̀. Inú ẹlòmíì ìbá dùn. Omijé ni tirẹ̀. Láti bí ọdún méjì ló ti ń pe ìrora yẹn ní Behruz. Ó ti ń gbé e, ó ti ń fara dà á, ó ti ń rò pé bí ó bá lọ, ìyókù ọkọ òun lọ nìyẹn. Ní báyìí ó ti lọ, kò sì ju èéfín lọ.

Ó sunkún tẹ́ra rẹ̀ lọ́rùn. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó sì tún ń ṣa ẹ̀wà. Òkú ni Behruz síbẹ̀. Ó ṣì ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ó lè ronú nípa rẹ̀ láìdijú, ó sì wá ń rántí ohun tó ti pẹ́ tí kò rántí: bí ó ṣe máa ń kọrin láìmọ orin náà, bí ó ṣe máa ń pe gbogbo ológbò àdúgbò ní orúkọ kan náà.

*

Nígbà tó gbé ọkọ̀ padà lọ fún àyẹ̀wò, Hushang tẹ̀ lé e. Vaziri ti ọ̀pá kan tí wọ́n fi ń wọn èéfín bọ sálẹ́ńsà, ó ní kí Turan tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wá inú ọkọ̀, ó gbé ẹ̀rọ kékeré sábẹ́ àga. Ẹ̀rọ náà kò dún. Ó gbé e síbẹ̀ pẹ́, ó gbé e sí iwájú, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ híítà. Kò dún.

"Ta ló tún un ṣe?"

"Èmi ni," ni Hushang wí, ó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ó mọ́."

"Kì í mu epo bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́," ni Hushang wí, ọ̀rọ̀ sì tú sí i lẹ́nu. "Ibi tó ti máa ń béèrè epo tẹ́lẹ̀, ó ń kọjá ibẹ̀ lọ fẹ́rẹ́. Ó ti di ọmọ rere."

Vaziri lẹ sítíkà mọ́ gíláàsì iwájú. Turan na ojú kọjá ilẹ̀kùn ńlá, síbi tí ọ̀run ṣì funfun bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì.

"Ọmọ mi, ọkọ̀ kan ò lè bo ojú ọ̀run."

"Òótọ́ ni, mà. Ọkọ̀ kan kọ́ ló bò ó."

Turan rò ó títí dé ilé.

Alákòóso iléèwé gba ìwé náà bó tilẹ̀ pẹ́ dé. Ó ti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ lẹ́nu Turan fúnra rẹ̀, ó sì ní kí gbogbo awakọ̀ yòókù lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ inú ọkọ̀ wọn wò, kì í ṣe èéfín ìta nìkan. Àwọn kan nínú wọn kò kí Turan mọ́. Ó ń kí wọn síbẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, kí ojú tó mọ́ dáadáa, Turan ń nu yìnyín kúrò lára gíláàsì nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mahin ni, nínú kóòtù ńlá kan tó jọ ti ọkọ rẹ̀. Kò mú ọmọ dání.

"Àǹtí Turan, ẹ kú àárọ̀. Mo fẹ́ wọ ọkọ̀ yín."

"Níbo lò ń lọ?"

"Iléèwé. Ká lọ, ká bọ̀."

Turan kò bi í ní ìdí. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún un, ṣùgbọ́n Mahin ti lọ sẹ́yìn, ó sì jókòó sí ẹ̀yìn àga awakọ̀ gan-an, níbi tí Parnian máa ń jókòó sí.

"Ẹ ti gíláàsì gbogbo," ni Mahin wí.

Turan tì wọ́n.

"Ẹ tan híítà."

Ó tàn án. Wọ́n jáde sí ojú títì. Mahin gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ojú rẹ̀ là kedere, ó ń mí gan-an gan-an bí ẹni tí dókítà gbé nǹkan lé láyà. Turan ń wò ó nínú dígí, ó sì ń mú ojú kúrò. Wọ́n kọjá ibi búrẹ́dì, níbi tí àwọn èèyàn ti tò. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà iléèwé tí kò tíì ṣí, wọ́n yí po, wọ́n ń padà bọ̀. Wọ́n ti rìn dé ìdajì ọ̀nà kí Mahin tó sọ̀rọ̀.

"Lóru mo máa ń dìde lọ tẹ́tí sí i bóyá ó ń mí. Dókítà ní kò sí nǹkan kan. Mo gbọ́. Síbẹ̀ mo máa ń dìde."

"Èmi náà ìbá máa dìde," ni Turan wí.

"Orí yín ńkọ́?"

"Kì í fọ́ mọ́."

Mahin mi orí. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé rẹ̀, Turan dúró, ó sì ń retí kó sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbóná híítà lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó mú fóònù jáde.

"Sọ fún Parnian kó wọ bàtà," ó ní fún ọkọ rẹ̀. "Báàgì rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Rárá, kì í ṣe bọ́ọ̀sì." Ó gbé fóònù sílẹ̀. "Màá bá a jókòó síbí lónìí, Àǹtí Turan. Lọ́la náà, bóyá. Ẹ ṣe sùúrù fún mi."

"Títí tí o bá fẹ́, ọmọ mi."

Mahin sún sápá kejì kí àyè lè wà. Turan sọ̀ kalẹ̀ sínú òtútù, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀, ó ń tẹ́tí sí ìró ẹsẹ̀ kékeré tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.